Láàpútọ́ọ̀pù Tuntun fún Ṣọ́ọ̀bù Fọ́tò

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò lójú àwòrán yẹn!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta láàpútọ́ọ̀pù fò sẹ́yìn nínú ìsọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Ọmọbìnrin Bàbá Onífọ́tò fi ọwọ́ bojú.

"Ẹ má bínú, bọ̀dá," ló ní. "Bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá fi ìka kan ojú fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù wa, ìgbátí ló máa jẹ."

"Ṣé irọ́ ni?" Bàbá béèrè. "Òróró ọwọ́ ló ń ba fọ́tò jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń dì í mú."

"Bàbá, èyí kì í ṣe pépà," ọlọ́jà rọra ṣàlàyé. "Ojú ẹ̀ ṣe é tẹ̀, bíi ti fóònù."

Ẹ̀rọ méjì ló wà lórí tábìlì. Ọmọbìnrin náà ti ki káàdì kámẹ́rà rẹ̀ bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ṣí fọ́tò ìgbéyàwó kan náà sójú àwọn méjèèjì. Ojú èyí tí kò ṣe é tẹ̀ kì í dán; pupa jẹ́ pupa níbẹ̀, àwọ̀ ara èèyàn sì rí bó ṣe yẹ. Èyí tó ṣe é tẹ̀ ń dán gbinrin bíi dígí. Gílóòbù òkè àjà hàn nínú ẹ̀, ojú òun fúnra rẹ̀ náà hàn, ó wà láàárín ọkọ àti ìyàwó bí ẹni tí wọn ò pè.

"Èyí tí kì í dán yìí ni kó o gbé," Bàbá ní. "Ojú ẹ̀ kì í purọ́."

Òótọ́ ni Bàbá sọ, ọmọ rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan kọ́ ló gbé e dé ibẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú kí ìka Bàbá le gbagidi, kò lè di máòsì kọ̀ǹpútà mú mọ́. Ó gbìyànjú ẹ̀ títí, inú bí i, ó ní òun ń lọ jókòó sílé. Ó di ọdún kan báyìí tí ọmọ ti ń dá ṣiṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù sì dá páro. Ó fẹ́ kí bàbá òun padà wá. Ṣùgbọ́n tó bá là á mọ́lẹ̀ báyẹn, Bàbá á ní kó má wulẹ̀ ṣàánú òun.

"Bàbá, ẹ bá mi wo ìyàwó yìí." Ó yí èyí tó ń dán sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ojú ẹ̀ ò ṣókùnkùn jù?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó káwọ́ sẹ́yìn. "Ó ṣókùnkùn. Tànmọ́lẹ̀ sí i díẹ̀."

Ọmọ fi ìka kan ìlà ìmọ́lẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ó mọ̀ọ́mọ̀ fà á kọjá. "Báyìí?"

"Ó ti pọ̀ jù! Ṣé o fẹ́ da ìyẹ̀fun sí i lójú ni?"

Ó fà á padà sínú òkùnkùn biribiri. "Báyìí ńkọ́?"

"Háà! Kúrò níbẹ̀ jàre!"

Bàbá fi èjìká tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó tó rántí ara rẹ̀, ìka rẹ̀ kan ti wà lójú ẹ̀rọ, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀. Ojú ìyàwó mọ́lẹ̀, ó sì dá a dúró síbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Ọlọ́jà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ ṣẹ́jú sí i pé kó má sọ ọ́.

Bàbá ṣí fọ́tò mìíràn. "Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"O gé ẹsẹ̀ ọkọ ìyàwó dànù! Wo èyí náà, gbogbo wọn ló dijú. Ṣé oorun lo ní kí wọ́n wá sùn ni? Ọdún kan péré tí mi ò sí níbẹ̀, o ti sọ ṣọ́ọ̀bù mi di yẹ̀yẹ́!"

Inú ọmọ dùn débi pé omi lé sí i lójú. Láàárín ọdún kan yẹn, gbogbo ohun tó bá gbé han bàbá rẹ̀, "Ó dáa" ni, "Ó dáa" náà sì máa ń dùn ún ju èébú lọ.

"Ẹ bá wa di èyí tó ń dán yìí," ló wí fún ọlọ́jà.

"Àǹtí, gílóòbù tó ń hàn nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Màá sún tábìlì kúrò lábẹ́ gílóòbù, màá sì ta kọ́tìnnì sójú fèrèsé."

"Má tíì dì í," Bàbá ní, kò gbójú sókè. "Bá mi wá àga. Ó ku àwọn tí mo fẹ́ tún ṣe."