Igi Tó Bo Oòrùn Lójú

Lọ́jọ́ tí Waris gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà gun òrùlé ilé Bọ́dúnrìn ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ó ní iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù.

"Mà, igi agbálùmọ̀ yìí ni o. Tó bá ti di ọ̀sán, òjìji rẹ̀ ló máa bo gbogbo pánẹ́ẹ̀lì. Bátìrì ò ní lè kún. Ẹ jẹ́ ká gé e."

Mọ́ṣádé, ìyàwó Bọ́dúnrìn, wò ó bí ẹni pé ẹsẹ̀ òun ló ní kí wọ́n gé. "O ṣeun, ọmọ mi," ló dá a lóhùn. "Kó àkàbà ẹ, kí o máa lọ."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ó kéré tán, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n sin ìwọ́ Ayọ̀túndé, àkọ́bí rẹ̀, sí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀, tó sin ìwọ́ náà, tó sì gbin agbálùmọ̀ lé e lórí. Igi ń dàgbà, ọmọ ń dàgbà. Nígbà tí ọmọ di ọ̀dọ́mọkùnrin, ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà Ṣàgámù. Igi kò dúró ní tirẹ̀, ó ń ga, ó ń so, bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti ń pe tọkọtaya náà ní bàbá àti ìyá Moṣọpẹ́, orúkọ ọmọ tó kù. Mọ́ṣádé nìkan ló ṣì ń pe ọkọ rẹ̀ ní Bàbá Ayọ̀túndé. Tó bá ti ọjà dé, á fọwọ́ kan ara igi náà kó tó wọlé.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló wá dá Bọ́dúnrìn gúnlẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, iná ni ẹ̀rọ náà sì ń lò. Iná ìjọba ń lọ bó ti wù ú, èéfín jẹnẹrétọ̀ kò sì ṣeé fà fún ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ń dùn. Ìdí nìyẹn tí Moṣọpẹ́, tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìjagun, fi ra sólà fún wọn. Kì í ṣe fáàrí rárá. Èémí bàbá rẹ̀ ló rà.

Mọ́ṣádé kò fẹ́ kí ọkọ òun kú o. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó kàn rò pé òun lè fi ìṣọ́ra dá àwọn méjèèjì sí, ọkọ àti igi. Ó yọ àwọn gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná, ó fi àwọn tí kì í jẹ iná púpọ̀ rọ́pò wọn. Ó gbé áyọ́ọ̀nù pamọ́, ó padà sórí ti ẹlẹ́èédú. Ó ta fírísà, ó ku fíríìjì kékeré kan. Fáànù pálọ̀ náà lọ. Bí Moṣọpẹ́ bá wá kí wọn, kò gbọdọ̀ fi fóònù sí iná. Ooru ń mú wọn, ilé ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n inú Mọ́ṣádé ń dùn.

"Ṣé ẹ rí i, Bàbá Ayọ̀túndé? Ó ń tó wa lò."

 Ńṣe ni Bọ́dúnrìn máa ń yíjú sí fèrèsé, níbi tí ewé agbálùmọ̀ ti dí ojú ọ̀run.

Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń rọ́jú lò ó bẹ́ẹ̀. Òjò dé, nǹkan yíwọ́. Àárọ̀ a ṣú dùdù, oòrùn kì í ráyè yọ àfi lọ́sàn-án, ọ̀sán yẹn gan-an ni igi sì ń gbà lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ínfátà tó ń gba iná látinú bátìrì han gooro, ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni Mọ́ṣádé wà tó ń gé ẹ̀fọ́. Kó tó sáré dé, ètè ọkọ rẹ̀ ti dúdú bí aró. Wàhábì, aládùúgbò wọn, ló fi kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ gbé wọn dé ọsibítù. Wọ́n rí i gbà là, dókítà sì kìlọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn kò gbọdọ̀ kú mọ́.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, Moṣọpẹ́, tó ti sáré wá láti Ìjagun, sunkún bẹ ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gé igi yẹn."

"Màá yọ fíríìjì," ni Mọ́ṣádé wí. "Tí mo bá yọ fíríìjì, á tó."

Orí kunkun rèé! Bọ́dúnrìn jókòó sáàárín wọn nínú kẹ̀kẹ́, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Mọ́ṣádé lọ ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, Moṣọpẹ́ dúró ti bàbá rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ìyá padà dé. Bó ṣe yà sí ojúlé wọn, ó kọ́kọ́ rò pé òun ṣìnà, torí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Oòrùn bo òrùlé, ó bo ògiri, ó wọ pálọ̀ lọ dé ìdí àga. Igi agbálùmọ̀ ti nà gbalaja sínú àgbàlá, oje funfun ń kán lójú ibi tí wọ́n ti gé e.

Ó ṣubú lé e, ó ké bí ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú ọmọ náà dé. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó já wọ yàrá.

"Moṣọpẹ́! O gé ẹ̀gbọ́n rẹ!"

"Èmi ni," Bọ́dúnrìn dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì. "Èmi ni mo fi fóònù pe àwọn agégi. Mo ní kí wọ́n wá tó o bá ti lọ."

"Ọmọ yín! Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ẹ bí! Ẹ ò tiẹ̀ sunkún!"

"Mo ti sunkún. O ò rí mi ni." Ó dánu dúró, ó mí, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Látìgbà tí sólà yìí ti dé ni mo ti ń wò ọ́. O yọ gílóòbù. O ta fírísà. Kò sóhun tó wà nínú ilé yìí tí o ò lè yọ nítorí mi, àfi igi yẹn. Mo ń retí. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ara mi pé tó bá dọ̀la, Mọ́ṣádé á yàn mí."

Mọ́ṣádé la ẹnu láti jiyàn. Ó fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé òun ì bá gé e, pé ó ku díẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, kò sì rí irọ́ náà pa.

Iná ara ínfátà ń fi hàn pé bátìrì kún, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ̀rọ ń mí sí Bọ́dúnrìn nímú láìdáwọ́ dúró. Ó yíjú sí ògiri, ó kẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀, ó sì sùn.