Rẹ́jísítà Tíṣà

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì mọ iye rẹ̀ jù mí lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A wẹ̀ wọ́n, a fún wọn lóúnjẹ, a yí wọn padà, ilẹ̀ tún mọ́, a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ kì í pani, kó wá bá mi yí Tíṣà padà lẹ́ẹ̀kan péré.

Tíṣà ni bàbá tó wà ní yàrá kìíní, èyí tó kángun sí ilẹ̀kùn ibi ìgbàlejò. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe olùkọ́. Wọ́n sanra, wọn ò lè dá yí ara wọn, ibùsùn sì ti dá egbò sí wọn ní ìbàdí. Wákàtí méjì méjì la gbọ́dọ̀ máa yí wọn, ẹni méjì ló sì ń ṣe é. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ ọmọ bíbí inú wọn, ṣùgbọ́n láràárọ̀ wọ́n á pe rẹ́jísítà, gbogbo àwa òṣìṣẹ́ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Kálukú á dáhùn pé, "Mo wà, sà!" Bí ẹnìkan ò bá dáhùn, wàhálà dé nìyẹn: bàbá á máa ju apá, wọ́n á fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn lọ wá ọmọ tó sá níléèwé. Nítorí náà a máa ń dáhùn. Ó ti mọ́ wa lára bíi kéèyàn fọ ọwọ́ kó tó kan aláìsàn.

Jẹ́jẹ́ ni ẹnìkejì mi. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn; "jẹ́jẹ́, bàbá, jẹ́jẹ́" tó máa ń sọ tó bá ń yí aláìsàn ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Orúkọ rẹ̀ gidi ni Tíṣà ń pè nínú rẹ́jísítà, òun ló sì máa ń ṣáájú tèmi. Ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méje. Ìwé ìgbélùú Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ti parí láti ọdún tó kọjá. Ó kọ̀wé fún òmíràn, wọn ò tíì dá a lóhùn. Gbogbo wa la mọ̀, kò sí ẹni tó sọ ọ́ síta.

Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn imigréṣọ̀n, àwọn tó ń mú ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti parí, ti ń wọ ilé ìwòsàn, lọ́yà kan wá kọ́ wa ní ohun tí a máa ṣe. Ẹ má sá. Ẹ má purọ́. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́. Ẹnikẹ́ni lè wọ ibi ìgbàlejò, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó wọ ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn, ẹ má ṣí i, àfi tí wọ́n bá mú ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí wá. A fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán dánra wò bí ọmọ iléèwé, Jẹ́jẹ́ ló sì mọ̀ ọ́n jù. Lọ́jọ́ náà ló mú fọ́ọ̀mù iléèwé ọmọ rẹ̀ wá, pé tí òun ò bá lè wá, èmi ni kí wọ́n fa ọmọ lé lọ́wọ́. Mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́rú ni wọ́n dé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. A ti yí Tíṣà sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo di èjìká wọn mú, Jẹ́jẹ́ di ìbàdí mú, ó ń fọ egbò. A gbọ́ ohùn ọkùnrin ní ibi ìgbàlejò, lẹ́yìn náà a gbọ́ ti ọmọbìnrin tó ń jókòó síbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò fo ọ̀rọ̀ kankan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò láṣẹ láti ṣílẹ̀kùn yìí. Ṣé ẹ ní ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí?"

"Ìwé rèé."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kà á tán. "Ọ̀gá yín ló fọwọ́ sí eléyìí, sà. Kì í ṣe adájọ́."

Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn gan-an lọ́jọ́ náà. Jẹ́jẹ́ ò wo ojú mi, ó kàn ń fọ egbò lọ.

Ni ọkùnrin náà bá gbé ohùn sókè lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó pe orúkọ Jẹ́jẹ́, orúkọ gidi, pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀, bí ẹni tó ń pe ọmọ wá jẹun. A dákẹ́. Ẹ̀tọ́ wa ni.

Ṣùgbọ́n Tíṣà gbọ́. Wọ́n gbórí sókè lórí ìrọ̀rí. "Wọ́n ń pè ọ́," ni bàbá wí, àwọn náà sì tún orúkọ náà pè, ketekete. Jẹ́jẹ́ mi orí. Bàbá tún un pè, apá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, ìbàdí pẹ̀lú egbò tó wà ní ṣíṣí ń yọ̀ lọ sí etí ibùsùn. Mo fẹ́ fọwọ́ bo bàbá lẹ́nu. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fẹ́ bò ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi dì wọ́n mú.

"Jẹ́jẹ́, bàbá," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ó mí. "Mo wà, sà."

Tíṣà rọ̀ wọ̀ọ̀. "Ọmọ dáadáa."

"Ó wà níbẹ̀," ni ọkùnrin ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sọ fún ẹnìkejì rẹ̀.

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣókùnkùn. "Ta ló ní kí o dáhùn?"

"Wọn ì bá ti jábọ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin náà ẹ wo egbò yẹn."

Mo wò ó. Lọ́yà tí a pè sọ lórí fóònù pé dídáhùn ò sọ ìwé ọ̀gá wọn di ìwé adájọ́, ká má ṣílẹ̀kùn. A ò ṣí i. Àwọn ọkùnrin méjì náà lọ jókòó sínú ọkọ̀ níwájú géètì títí aago méjìlá fi kọjá, ọkọ̀ náà sì lọ. Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Ọmọbìnrin ibi ìgbàlejò ní ìtọ̀ ti ń gbọ̀n òun látàárọ̀, ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí òun dìde.

Aago méjì ni iléèwé ń parí. Èmi ló yẹ kí n lọ mú ọmọ wá. Mo dìde, mo tún jókòó.

"Ẹ jókòó jàre," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ẹsẹ̀ yín ti wú. Wọ́n ti lọ, ẹ jẹ́ kí n lọ mú ọmọ mi."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ọ̀nà ẹ̀yìn ni màá gbà."

Ó rẹ̀ mí. Ká má parọ́, ó rẹ̀ mí. Mo ní, "Ó dáa, ṣe kíá." Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé báàgì, ó lọ.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, iléèwé pè mí. Wọ́n ní ọmọ kan jókòó lọ́dọ̀ àwọn, orúkọ mi ló wà nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wá mú un.

Ibùdókọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìtọ́jú wa ni àwọn imigréṣọ̀n ti mú Jẹ́jẹ́. Obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ sọ pé kò sá, kò pariwo, kò dáhùn ìbéèrè kankan. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa gẹ́lẹ́. Lọ́yà ń wá ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ọmọ sùn sọ́dọ̀ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí bóyá ìyá òun ṣì wà níbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo mú un dé iléèwé, mo sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Obìnrin tí wọ́n fún mi dípò Jẹ́jẹ́ ò mọ ibi tó yẹ kó dì mú. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ rẹ́jísítà. Alásè dáhùn. Ọmọbìnrin ibi ìgbàlejò dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá pe orúkọ Jẹ́jẹ́.

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Wọ́n tún un pè, apá bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra.

"Mo wà, sà," ni mo wí.

Bàbá wò mí títí. "Ohùn rẹ yí padà. Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ó rẹ̀ mí ni, sà."

"Pẹ̀lẹ́." Wọ́n fi ìka sàmì sórí aṣọ ibùsùn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pe orúkọ tèmi.