Agbèjà Amẹ́ríkà ní Ìkòrò

Tíṣà Olúwọlé kò dé Amẹ́ríkà rí. Ibi tó jìnnà jù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ni Kàdúná, níbi tó ti ṣe àgùnbánirọ̀. Síbẹ̀, ní gbogbo Ìkòrò-Èkìtì, kò sẹ́ni tó jẹ́ bú Amẹ́ríkà lójú rẹ̀ kó lọ láìgba èsì. Jọ́gíráfì ló kọ́ àwọn ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé ẹni tó bá ti lè fọwọ́ tọ́ka sí ìlú kan lórí máàpù ti mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀.

Sànní, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Rọ́ṣíà ló yàn láàyò ní tirẹ̀. Ìtàn lòun kọ́ ọmọ nílé-ìwé kan náà. Gbólóhùn kan ló fi ń parí àríyànjiyàn: "Ọkọ̀ ojú omi Rọ́ṣíà kan ò wá kó ẹrú nílẹ̀ wa rí." Bó bá ti sọ ọ́ tán, á dákẹ́ bí ẹni tó ti kan èèkàn mọ́lẹ̀.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù Qúdrát, ìyàwó Sànní, làwọn méjèèjì máa ń jókòó sí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà, tí wọ́n á máa tún ayé ṣe. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, kò sì dá nǹkan kan sílẹ̀, àfìgbà tí Rọ́ṣíà wọ Yúkréènì tí ogun náà kò sì tán bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, Sànní ní Yúkréènì ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ogun wọlé. Olúwọlé ní ẹni tó bá ń ronú bẹ́ẹ̀, ìwé tó kà kò dénú. Sànní ní ó kúkú sàn ju ẹni tí ìwé sọ di ẹrú òyìnbó. Olúwọlé dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó kọrí sílé. Láti ọjọ́ náà, "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" lásán kò sí láàárín wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ràn. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì pín sí méjì, wátsáàpù wọn náà sì pín sí méjì. Jacob télọ̀ ní òun ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Àwọn ti Olúwọlé ní Rọ́ṣíà ló ń ṣe lábẹ́lẹ̀, àwọn ti Sànní ní amí Amẹ́ríkà ni, tọ̀tún tòsì wọn sì lọ kó aṣọ wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, Olúwọlé pe Fadékẹ́mi, ìyàwó rẹ̀.

"Láti òní lọ, a ò gbọdọ̀ ra ohunkóhun ní ṣọ́ọ̀bù Qúdrát mọ́. Bí wọ́n ṣe ń jẹ orílẹ̀-èdè tó bá ṣàìdáa níyà nìyẹn."

"Kí ni Qúdrát wá ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ ìṣèlú àgbáyé ni. Kò lè tètè yé ọ."

Fadékẹ́mi ò jiyàn. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ sọ́dọ̀ Qúdrát, ó ń ra gàrí, ó ń ra iyọ̀, ó sì ń dà wọ́n sínú ọ̀rá mìíràn kó tó wọlé, á ní Ìjerò lòun ti rà wọ́n. Olúwọlé á jẹ ẹ̀bà tán, á fọwọ́ pa ikùn, á ní, "Ṣé o rí i? Gàrí tí a ń rà ní Ìjerò yìí dára ju ti àwọn èèyàn yẹn lọ."

"Ó dára gan-an, Bàbá Olúmidé."

Oṣù kẹjọ ọdún 2025 làwọn ọ̀dọ́ ìlú ní káwọn àgbà méjèèjì wá jiyàn ní gbọ̀ngàn: ta ló jẹ̀bi ogun Yúkréènì? Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ìròyìn gbé àwọn ààrẹ méjèèjì jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa de ti Rọ́ṣíà, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ wọ mọ́tò kan náà lọ.

"Ṣé kì í ṣe àwòrán tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe nìyí?" Olúwọlé bi ìyàwó rẹ̀.

"Àwọn fúnra wọn ni."

Ó rí lára rẹ̀ bí ẹni tó dá sí ìjà tọkọtaya, tó fara gba ẹ̀ṣẹ́, tó wá bá àwọn méjèèjì nídìí àwo kan. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi rọ́nà gbé e gbà. Bí Amẹ́ríkà bá bá Rọ́ṣíà rẹ́, á jẹ́ pé Rọ́ṣíà ní àwíjàre kan tí òun ò kọ́kọ́ kíyè sí. Ó fa bébà yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ tuntun.

Ní gbọ̀ngàn, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bí ará ìlú kejì bá ń gbin kòkó bọ̀, tó ń súnmọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ lọ́dọọdún, ṣé wàá kàn máa wò ó? Ohun tí wọ́n ṣe fún Rọ́ṣíà nìyẹn."

Àwọn èèyàn rẹ̀ wojú ara wọn. Ọ̀rọ̀ Sànní ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Sànní dìde. Òun náà ti wo tẹlifíṣọ̀n, kò sì lè dúró síbi tí ọwọ́ Amẹ́ríkà bá ti kàn. "Ṣé torí pé aládùúgbò rẹ gba àlejò," ló wí, "lo ṣe máa gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́? Yúkréènì ni wọ́n ń jẹ níyà."

"Èwo wá ni tiwa báyìí?" ni ẹnì kan bi ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́yìn.

Fadékẹ́mi àti Qúdrát jókòó pọ̀ níwájú, wọ́n fi gèlè bo ẹnu. Olúwọlé rí wọn. Ó ro bí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe ń bá ọ̀rẹ́ wọn lọ, ó ro gàrí Ìjerò, ó sì gbójú kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Priscilla tó ń dirun lẹ́bàá ọjà ló nawọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́. Olúwatóbi àbúrò mi, iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni wọ́n ní kó wá ṣe ní Rọ́ṣíà. Ìgbà tó débẹ̀, aṣọ ológun ni wọ́n kó fún un. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ la ò ti gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni ká ti lọ béèrè rẹ̀?"

Olúwọlé wo bébà ọwọ́ rẹ̀. Orúkọ Olúwatóbi kò sí níbẹ̀. Ó rántí ọmọ náà ní kíláàsì. Bó bá ń kun òkun orí máàpù ní búlúù, ó máa ń kùn ún kọjá etí ilẹ̀. Sànní tún fìlà rẹ̀ dé, ó sì jókòó. Ìpàdé tú láìsí ẹni tó borí.

Lọ́jọ́ kejì, Olúwọlé lọ sílé ìyá Priscilla. Ó bá Sànní lórí bẹ́ńṣì níbẹ̀. Sànní sún fún un. Àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ìjọba l'Ábújà, àmọ́ ní ìlà kejì ni ìjà tún fẹ́ bẹ́, lórí bóyá ogun ni kí wọ́n pè é tàbí rògbòdìyàn. Priscilla gba bírò lọ́wọ́ wọn, ó kọ ọ́ tán.

Ìyá rẹ̀ gbé àgbàdo sísè wá fún wọn. Ó jókòó tì wọ́n, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Tíṣà, ṣé òtútù pọ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ̀rùn ni níbẹ̀ báyìí, Ìyá Priscilla. Oòrùn ń ràn dáadáa."

"Tó bá wá di ìgbà Kérésì ńkọ́? Súwẹ́tà kan ló mú kúrò n'ulé."

Olúwọlé mọ̀ ọ́n. Ó ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ láìmọye ìgbà, bí yìnyín ṣe ń bo ilẹ̀ níbẹ̀, àti bí odò ṣe ń di gbagidi.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

Sànní, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Olúwọlé kan kọjá láìṣàtakò, tẹjú mọ́ àgbàdo ọwọ́ rẹ̀.

"Èmi náà ò mọ̀," ni Sànní wí.