Ìka Kan Ṣoṣo Ni Mo Fi Ń Wà Á

Bí ẹ bá gbọ́ pé èmi, Lásárù Àjàní, ni awakọ̀ tó gbọ́n jù ní gbogbo agbègbè Lálúpọn, èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́. N ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Jíìpù ni mo ń wà, jíìpù kékeré táwọn ológun lò gbó kí wọ́n tó tà á, tí sítíárì rẹ̀ wà lápá òsì. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi kó gàrí àtàwọn tó ni ín láti abà wá sílùú, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ gidi ò jẹ́ dán wò.

Ẹja ló kó bá mi. Lọ́dún 1965, ìjọ Aládùúrà wa wà nínú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, Àmọ̀pé ìyàwó mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi gun àga, mo nawọ́ sí orí àjà ilé ìdáná níbi tó ń kó ẹja gbígbẹ sí. Ọwọ́ mi ti ba ọ̀kan kí àga tó yẹ̀. Èjìká ọ̀tún ni mo fi balẹ̀. Mo sọ fún gbogbo ayé pé páànù ilé ni mo ń kàn tí mo fi já bọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí pé òòlù dà, mo sì rò pé ọgbọ́n mi ló bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Èjìká san, àmọ́ agbára rẹ̀ ò padà. Bẹ́ẹ̀ sítíárì jíìpù yẹn, ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà sàn jù ú lọ. Bí mo bá ya kọ́nà mẹ́ta, gbogbo ẹ̀wù mi á ti tutù. Àmọ̀pé wá fi pẹ̀lẹ́ dábàá pé kí Láyí àbúrò òun, tó ní láísẹ́ǹsì tí kò ní ọkọ̀, máa bá mi wà á, kí n máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú bí mi débi pé n ò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ọkọ̀ ara rẹ̀, ta ni? Ẹrù ni.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Jùbrílù lọ ní Alákìá. Mẹkáníìkì ni, kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àfọ́kù ọkọ̀ gbọọrọ kan tí òyìnbó Amẹ́ríkà kan fi kọ lu igi, ẹ̀rọ kan sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń bá awakọ̀ yí sítíárì. Bẹ́líìtì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á máa yí i, á máa ti ọ́ìlì, ọ́ìlì náà á sì máa ti táyà sọ́tùn-ún sósì. Ọjọ́ mẹ́fà ni Jùbrílù fi gé irin, tó fi jó irin, kó tó bá jíìpù mi mu. Mo sọ fún un pé torí kí n lè máa tètè débi tí mò ń lọ ni. N ò dárúkọ èjìká.

Nígbà tó ń fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o. Ẹ́ńjìnnì ló ń fún nǹkan yìí lágbára. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì lórí ìrìn. Bí ẹ bá pa á, sítíárì máa le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni. Ìka kan ṣoṣo ni mo ti fi ń yí sítíárì síwá sẹ́yìn, tí mò ń dá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ìbá rí mi lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí po ibùdókọ̀ Lálúpọn láìgbé èrò kankan, ìka kan lórí sítíárì, ọwọ́ kejì lójú fèrèsé. Obìnrin kan bi mí bóyá àdúrà ni mo gbà. Mo ní àdúrà ni, mo ní ọpọlọ náà sì wà ńbẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Òkè kan wà kéèyàn tó dé afárá odò tó wà lẹ́yìn ìlú. Gbogbo àwa awakọ̀ la máa ń pa ẹ́ńjìnnì lórí rẹ̀, kí ọkọ̀ máa fúnra rẹ̀ yí sọ̀ kalẹ̀, kí bẹntiróòlù má baà jó dànù. Ó ti di ìdíje láàárín wa: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá yí jìnnà jù láìtẹ bíréékì ni ọ̀gá. Èmi ni ọ̀gá. Òkú-ń-rìn ni wọ́n ń pè mí.

Lọ́jọ́ ọjà, obìnrin mẹ́rin wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò gàrí wọn, Àmọ̀pé wà lápá ọ̀tún mi. Mò ń ròyìn ọgbọ́n mi fún wọn lọ́wọ́ nígbà tá a dé orí òkè. Ọwọ́ mi ò bi mí. Ó lọ sídìí kọ́kọ́rọ́, níbi tó ti ń lọ láti ọdún mọ́kànlá, ó pa ẹ́ńjìnnì. Jíìpù dákẹ́, ó ń yí lọ, inú mi dùn. Kọ́nà apá òsì yọ. Mo fún sítíárì ní ìka kan, kò dáhùn. Mo fi ọwọ́ kún un. Mo fi ọwọ́ tó ń dùn mí kún un, kò mira. Ẹ sì lè bi mí pé bíréékì ńkọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi kọ́ ẹsẹ̀ mi pé kó má tẹ̀ ẹ́ lórí òkè yẹn.

Ọwọ́ Àmọ̀pé méjèèjì, ọwọ́ tó ń fún omi gàrí lójoojúmọ́, ló nà wá tó di sítíárì mú. Ó fà á. Ó ní, “Bíréékì, Bàbá Mojí.” Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé mo ní ẹsẹ̀. Jíìpù yẹ igi afárá sílẹ̀, ó rọra wọ inú àbàtà tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, ó dúró. Kò sẹ́ni tó fara pa. Òórùn ibẹ̀ nìkan ni n ò lè ròyìn fún yín.

Àwọn obìnrin bọ́ sílẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n wá yíjú sí Jùbrílù tí kò sí níbẹ̀. Ìyá Ṣítù tó dàgbà jù nínú wọn ní mẹkáníìkì apànìyàn ni, pé òun máa dé Alákìá lọ́la, òun á sì sọ fún gbogbo ọlọ́kọ̀ kí wọ́n má tún ya ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Èmi dúró sínú omi ẹ̀gẹ́ tó dé orúnkún mi. Kí n má tàn yín, ó dùn mọ́ mi. Bí mo bá kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá ni mí títí láé, ṣọ́ọ̀bù Jùbrílù á sì dahoro. Àmọ̀pé ń wò mí.

Mo ní, “Èmi ni mo pa ẹ́ńjìnnì. Jùbrílù kìlọ̀ fún mi.”

Bí ẹnu mi ṣe là, kò lè pa dé mọ́. Mo ní èjìká mi ò lágbára mọ́, òun ni mo ṣe ń wá ẹ̀rọ kiri. Mo ní n ò kan páànù kankan, ẹja ni mo lọ jí lórí àjà, nínú ààwẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé ọdún kan. Ìyá Ṣítù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú tì mí débi pé n ò lè bínú.

Mo na kọ́kọ́rọ́ sí Àmọ̀pé pé kó fún Láyí. Kò gbà á.

Ó ní, “Bàbá Mojí, níbo lẹ ti mú ẹja tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀ yìí?”

Mo ní nínú agbọ̀n tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, lápá òsì, níbi tí kò ga. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi rántí fìlà mi. Mo rántí ife omi mi, táwẹ́ẹ̀lì mi, Bíbélì mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn ń kúrò níbi gíga, tí wọ́n ń bọ̀ sápá òsì, síbi tí ọwọ́ mi tó dára lè tó. Èmi kọ́ ni mo ń gbé wọn. Èmi rò pé mo ti gbọ́n sí i ni.

Àwọn obìnrin bá wa ti jíìpù jáde nínú àbàtà, wọ́n ní ẹsẹ̀ làwọn máa fi rìn délé. Àmọ̀pé wọlé, ó jókòó sípò rẹ̀, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ máa wà á. Ọwọ́ mi ò ní kúrò níbí.”

Mo wà á délé, ojú ń tì mí, gbogbo ara mi ń rùn.