Ìrìn Okùn Mẹ́rin

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, aránṣọ wà lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń so apá mọ́ ẹ̀wù ọmọ ilé-ìwé kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ jù. Ó ní ọkọ òun sùn lọ́sàn-án, òun pè é pé kó wá jẹun, kò sì dáhùn mọ́. Aránṣọ kò sunkún. Ó so apá ẹ̀wù náà tán, ó gé òwú rẹ̀, ó dìde. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ó sì kọrí sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ẹ̀gbọ́n ló ń ta béèsì, gìtá olókùn mẹ́rin tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan tó ń ṣeré jáàsì. Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu kíkọ́ni ní ìṣirò, ló ń tẹ dùùrù. Wẹ́dà, tó ń jó irin pọ̀, ló ń lu ìlù. Ẹ̀gbọ́n ti ṣe orin kan fún ìyá rẹ̀, ó ṣì ń tún un ṣe lọ́wọ́ tó fi kú, ìyá kò sì tíì gbọ́ ọ. Nísinsìnyí Ìyá ní òun fẹ́ gbọ́ ọ níbi ìsìn ìrántí, kì í sì í ṣe lọ́wọ́ àlejò.

Nínú ẹbí, aránṣọ nìkan ló mọ gìtá dì mú. Ìwọ̀nba tí ẹ̀gbọ́n kọ́ ọ ló fi ń tẹ̀lé akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì: ohùn kan, kó dúró, ohùn kan, kó dúró. Tíṣà fún un ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí kò bá lè gbé e nígbà náà, wọn yóò fi orin náà sílẹ̀, nítorí láìsí béèsì, orin náà kò ní ẹsẹ̀.

Béèsì jáàsì kì í dúró, ńṣe ló ń rìn, ohùn kan fún ìgbésẹ̀ kan, mẹ́rin, mẹ́rin. Tíṣà ní kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àkójọ ohùn tí òun ń tẹ̀ pọ̀ lórí dùùrù, dà bí ilé: ìgbésẹ̀ kìíní ni kí ó fi wọlé, kí ó fi ìkejì àti ìkẹta rìn nínú yàrá, kí ìkẹrin sì ti bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé tó kàn. Aránṣọ kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà tó fi ń gé àwòṣe aṣọ. Ìka rẹ̀ bó. Oníbàárà kan tó ń wọn ìbàdí fún bi í léèrè bóyá ara òun ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnu aránṣọ kò kà kọjá ẹ̀rin.

Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá ṣi ohùn kan, á padà lọ tún un ṣe. Ogún ọdún ló ti fi ránṣọ: ojú rírán tó bá wọ́, á tú u, á tún un rán. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ òmíràn. Bó bá sì ti padà, orin á dàrú mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ keje, ó dàrú nígbà mọ́kànlá. Wẹ́dà gbé igi ìlù sórí itan. “Màdáàmù, èmi àti Tíṣà ti dé ìkóríta o. Ìwọ ṣì wà nílé, ò ń wá bàtà.”

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ di ẹkún. Ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn, òun ò fẹ́ dójú ti òkú.

Tíṣà ká bébà náà kúrò níwájú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń ṣì í dáadáa.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, sà?”

“Lójoojúmọ́. Kì í kàn padà ni. Á sún ìka síwájú díẹ̀, á sì wọ ilé tó kàn. Àwọn èèyàn á rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gba ibẹ̀ ni. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ mi, nínú orin yìí, ṣe bí ọmọdé.”

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó padà lẹ́ẹ̀kan. Tíṣà kò yìn ín, kò bá a wí. Ó kàn kọ orúkọ orin náà sínú ètò ìsìn. Aránṣọ kò mọ̀ bóyá ìgbẹ́kẹ̀lé nìyẹn tàbí àánú.

Lọ́jọ́ ìsìn, Ìyá jókòó níwájú, ó ká ọwọ́ lé itan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìyípo kìíní orin náà lọ geere. Nínú ìkejì, ìka rẹ̀ tẹ ohùn tí kò yẹ, ó sì dún ketekete. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ padà. Ó rí i pé Wẹ́dà ń wo òun. Ó sún ìka síwájú, ó sì bá ọwọ́ Tíṣà pàdé lórí ìgbésẹ̀ kìíní ilé tó kàn. Kò wo ojú Ìyá.

Lẹ́yìn náà ni ó kan ibi tí ẹ̀gbọ́n máa ń dá ta, tí á máa dá oríṣiríṣi àrà. Wọ́n ti ṣe àdéhùn pé Tíṣà ni yóò gbà á. Ṣùgbọ́n Tíṣà gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, ó nà án sí aránṣọ, Wẹ́dà náà sì dákẹ́.

Aránṣọ kò mọ àrà kankan. Ó tẹjú mọ́ iwájú, ó sì ń rìn lọ ní òun nìkan, ohùn kan fún ìgbésẹ̀ kan, mẹ́rin, mẹ́rin, ìyípo kan gbáko, fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.