Ìdí Tí N Kò Fi Sọ Pé Dúró

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo fojú tín-ín-rín ẹ̀gbọ́n mi nítorí mọ́tò. Lẹ́yìn tí baba wa tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Zaria ti kú, Bùọ̀dá Dúrósinmí ló di baba fún mi. Òun ló yẹ kó gba àwọn ará ilé Àdìgún lálejò kí wọ́n tó lè tọrọ mi. Ó kọ̀. Mẹkáníìkì ni Àdìgún ní Hayin Dogo, a sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ṣùgbọ́n lójú Bùọ̀dá, dọ̀tí abẹ́ ọkọ̀ lásán ni.

Mọ́tò tí mo wí yìí, Ford Falcon GT ni. Òyìnbó ará Ọsirélíà kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Samaru ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Nígbà tó ń padà sílé lọ́dún 1976, ó tà á fún Bùọ̀dá. Ó gùn bíi pósí, ó pupa bí ata, ìlà dúdú gba ìhà rẹ̀ kọjá, sílíńdà rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì ń kùn bí ẹni tí inú ń run. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ìjọba ti ní kí gbogbo wa máa wakọ̀ lápá ọ̀tún títì. Tí lọ́ọ̀rì bá dí i níwájú, ẹni tó ń wà á kò lè rí nǹkan kan.

Òyìnbó náà fi ìwé àwòrán kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Bùọ̀dá a máa ṣí i fún gbogbo àlejò ní pálọ̀ rẹ̀ ní GRA. "Ẹ wò ó! Bathurst rèé. Òkè ni wọ́n ń sáré gùn, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta máìlì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Irú ọkọ̀ mi yìí ló gbégbá orókè níbẹ̀!" Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń sá eré náà. Mo béèrè ìgbà tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní n kò tíì lajú.

Ọjọ́ tí Àdìgún kọ́kọ́ wá kí i, ó wo ìwé náà, ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Bathurst, sà? Ṣé ti Gáḿbíà tí wọ́n ń pè ní Banjul báyìí?"

Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé míṣọ̀n nìyẹn. Èmi náà ìbá béèrè bẹ́ẹ̀. Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Gáḿbíà! Ọmọ́níkẹ́, ṣé o gbọ́? Onígíríìsì tí kò mọ Ọsirélíà yàtọ̀ sí Gáḿbíà ló fẹ́ fẹ́ ọ!" Láti ọjọ́ náà, Gáḿbíà ló ń pè é.

Mo gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà. N kò fẹ́ wọ ilé ọkọ láìsí ìbùkún ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyàwó Bùọ̀dá kò gbà láti jókòó sápá òsì, ó ní òun kì í ṣe ọ̀pá afọ́jú. Èmi ni mo wá di ojú ọkọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rí tírélà níwájú, mo kígbe pé, "Dúró!" Ó dúró lóòótọ́. Ó gbọ́kọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó kọjú sí mi.

"Ta lò ń sọ 'dúró' fún? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí? Ààbọ̀ orúkọ mi lo pè yẹn!"

"Ẹ má bínú, Bùọ̀dá. 'Ẹ dúró' ńkọ́?"

"Àṣẹ náà ni. Má pàṣẹ fún mi. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, sọ pé ó ń bọ̀. Èmi ni n ó mọ ohun tí n ó ṣe."

Ọ̀sán Sátidé kan, a ń ti Samaru lọ sí Shika. Lọ́ọ̀rì òwú kan ń fà níwájú wa bí aláboyún. Bùọ̀dá fẹ́ fi hàn án pé Bathurst ti dé Zaria. Ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo yọrí wò: bọ́ọ̀sì kan kọjú sí wa tààrà. Mo kígbe, "Ń bọ̀! Ń bọ̀!"

Bùọ̀dá gbọ́ "Bọ̀! Bọ̀!" Ó tẹ iná mọ́tò.

Ọlọ́run nìkan ló mọ bí a ṣe yè é. Bọ́ọ̀sì fun fèrè, Bùọ̀dá yí sítíárìn, akọni Bathurst sì wọ inú oko ọkà bàbà, ó fi imú gúnlẹ̀ sínú kòtò. Àgbẹ̀ kan sáré dé. "Sannu, sannu," ó ń kí wa, ó sì fi Hausa béèrè bóyá ojú ọ̀run ni nǹkan pupa yìí ti já bọ́.

"O ní kí n máa bọ̀!" ni Bùọ̀dá ń pariwo mọ́ mi.

"Mo ní ó ń bọ̀, sà. Bí ẹ ṣe ní kí n máa sọ ọ́ nìyẹn."



Mo ránṣẹ́ sí Hayin Dogo. Àdìgún gbé Land Rover àtijọ́ kan dé pẹ̀lú okùn. Kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì dùn mí díẹ̀, nítorí mo ti ń retí rẹ̀. Ó so okùn tán, ó tẹríba. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jókòó ti sítíárìn. Tí mo bá ti kígbe 'dúró', kí ẹ tẹ búréèkì. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó kọlù mí lẹ́yìn."

"Dúró!" ni Àdìgún ń kígbe títí a fi dé Samaru, níṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń ta kúlíkúlí. Gbogbo ìgbà tó bá kígbe, ẹ̀gbọ́n mi ń dúró wẹ́rẹ́, bí ọmọ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi. Mo ń kọ orin ìyìn lábẹ́lẹ̀ lápá òsì kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù Àdìgún, Bùọ̀dá kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Kò wo ojú mi.

"Gáḿbíà yẹn... Àdìgún. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni wọ́n ń retí, sà," ni mo dá a lóhùn.

"Máa bọ̀," ó kùn.

N kò fẹ́ kí a tún ṣì í gbọ́. "Bùọ̀dá, ṣé wọ́n ń bọ̀ lẹ ní, àbí kí wọ́n máa bọ̀?"

"Kí wọ́n máa bọ̀!" ó jágbe. "Kí wọ́n má sì gba Gáḿbíà wá o."