Irin Abẹ́ Ọkọ̀

Ọdún mẹ́ta gbáko ni káfíńtà kan fi ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi kékeré onígbòkun, irú èyí tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lè fi tírélà kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ lọ sétí adágún lọ́jọ́ ìsinmi. Ó fi irin pẹlẹbẹ kan sábẹ́ rẹ̀. Irin náà á sọ̀ kalẹ̀ sínú omi kí atẹ́gùn má bàa dojú ọkọ̀ dé; tí wọ́n bá fẹ́ gbé ọkọ̀ lé tírélà, á ká wọnú.

Ìyàwó rẹ̀ wo àwòrán náà títí. "Bàbá àwọn ọmọ, kí ló di irin yìí mú?"

"Ìwúwo rẹ̀ ni."

"Tí ọkọ̀ bá wá yí dànù ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹnjiníà."

Ó kan ọkọ̀ náà bó ṣe yà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló bá a wọ̀ ọ́. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí atẹ́gùn fi gbá ìgbòkun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ yí, abẹ́ rẹ̀ kọjú sókè. Káfíńtà yọrí lómi. Kò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bùọ̀dá! Bùọ̀dá mi o!"

Ọwọ́ kan ń lu pákó láti inú ọkọ̀, gbì, gbì.

Ó gun abẹ́ ọkọ̀ náà. Irin yẹn ló yẹ kó dì mú, kó fi gbogbo ara fà á kí ọkọ̀ lè yí padà. Àmọ́ ìwúwo tó gbẹ́kẹ̀ lé ti tì í wọlé pátápátá. Ó ki ìka bọ ihò tóóró tó kù, èékánná rẹ̀ ya. Irin ò mira. Lílù náà ń rẹlẹ̀.

"Mo ti fọwọ́ ara mi pa ẹ̀gbọ́n mi!"

Ó mí kanlẹ̀, ó mòòkùn wọ inú ọkọ̀ tó dojú dé. Okùn ìgbòkun ti wé mọ́ bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tú u, kò tú. Ó bá já bàtà náà kúrò, ẹsẹ̀ yọ. Apẹja kan ló fà wọ́n sókè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n lò ní ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó fẹ́ máa kan ọkọ̀ náà tà ti wá bá káfíńtà.

"Àwòrán yẹn dà? Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń dúró."

"Mo ti fà á ya. Á pààyàn ni, sà."

Ọ̀gá náà bínú lọ, kò sì padà wá.

Títí di òní, ẹ̀gbọ́n ò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ láì dúró mí lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò rẹ̀ á dúró tì í, á gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.